Ìwé Kóòtù Tó Wà Lábẹ́ Ògiri

Ní ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù mẹ́ta wá wó ògiri Ọdẹ́tọ́lá ní Egan, òòlù ńlá méjì ni wọ́n gbé wá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo. Fàúsátù wà ní ẹ̀yìn ògiri náà lọ́hùn-ún, ó gun àkàbà, orí rẹ̀ yọ díẹ̀ lókè. Ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ bí ẹni tó ń lọ sóde. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló ti ń retí òòlù yẹn.

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ náà ka ìwé sókè. Kóòtù ti pàṣẹ pé kí Ọdẹ́tọ́lá wó ògiri tó mọ dí ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ilé Fàúsátù, kí ó sì ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ti di ọgọ́ta ọjọ́, Ọdẹ́tọ́lá kò ṣí búlọ́ọ̀kù kan nípò. Ọ̀gá ká ìwé náà, ó gbójú sókè, ni ojú rẹ̀ bá bá ohun tí wọ́n so kọ́ sára irin tó yọ lórí ògiri.

Ààlè ni. Aṣọ pupa, ìkarahun ìgbín, àlòkù ìgbálẹ̀ àti sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n fi òwú dúdú àti òwú funfun dì wọ́n pọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, ju òòlù sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

“Ọ̀gá, wọn ò kọ eléyìí mọ́ iṣẹ́ wa o. Mo lọ́mọ nílé jàre.”

Ọ̀gá bú u ní ojo, ó na ọwọ́ láti já ààlè náà fúnra rẹ̀. Kò tíì kàn án tó fi fa ọwọ́ padà kíá. Kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí gbogbo èèyàn rí ni pé ó ń fi ọwọ́ òsì ra ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ títí wọ́n fi wọ ọkọ̀ wọn, àti pé wọ́n gbàgbé òòlù kan sílẹ̀.

Ọdẹ́tọ́lá dúró sí iwájú ilé rẹ̀, ó ń rin orín, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì fún wọn. “Ìyá Ṣàkírát!” ló pariwo. “Mo rí yín lórí àkàbà o. Ẹ lọ bá adájọ́ yín, ẹ ní kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó o.”

Sálúbàtà yẹn ni Fàúsátù ń wò. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló fi òwú búlúù tó fi ń rán fìlà gán etí rẹ̀ nígbà tó já. Ti Ṣàfíù ọkọ rẹ̀ ni.

Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ló ta ilẹ̀ ẹ̀yìn yẹn fún Ṣàfíù nígbà tí òun àti Fàúsátù ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, òun náà ló fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà. Bàbá kú, ọmọ ní ilẹ̀ ni bàbá òun tà, kò ta ọ̀nà. Ó fa ọ̀nà náà mọ́ àgbàlá rẹ̀, ó sì mọ ògiri sí ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé Fàúsátù ti ń gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà lẹ́yìn ilé jáde. Ní alẹ́ tí àyà dí Ṣàfíù, òjò ti gbé pákó lọ. Àkàbà ni wọ́n fi gbé e kọjá lórí ògiri, Ọdẹ́tọ́lá sì ń bú wọn láti ojú fèrèsé pé wọ́n ń ba ògiri òun jẹ́. Sálúbàtà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Kí wọ́n tó gbé Ṣàfíù dé títì, ó ti kú.

Ọkùnrin yẹn wá mú sálúbàtà òkú, ó fi so ààlè. Inú Fàúsátù gbóná débi pé omi kò jáde lójú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá Ṣàkírát ọmọ rẹ̀ nínú yàrá, oyún oṣù méje níkùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bí ògiri yìí bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ń rọbí, níbo ni wọ́n fẹ́ gbé òun náà gbà? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí Fàúsátù jẹun lọ́jọ́ náà.

*

Lẹ́yìn afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, ibi tí ariwo àwọn kọ̀ǹdọ́ ọkọ̀ kò ti jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kejì, Simeon oníṣègùn ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ju ibùsùn lọ. Ọdẹ́tọ́lá jókòó síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

“Bàbá, ààlè tí ẹ ṣe ti ṣiṣẹ́, wọ́n sá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n sá lásán. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn kó ẹrù ẹ̀ kúrò.”

“Mú ohun tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀ wá.”

Ọdẹ́tọ́lá ti múra sílẹ̀. Ó fa ìwé kóòtù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì rẹ̀ yọ lápò. Simeon kò mọ̀wé, ó kàn ń fi àtàńpàkò ra òǹtẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ta ni ìwé yìí pàṣẹ fún?”

“Òun ni. Mo gbé e lọ sí kóòtù, mo sì jàre. Orúkọ ẹ̀ ló wà lókè yẹn.”

“Kò pàṣẹ kankan fún ìwọ?”

“Kí ni wọ́n máa pàṣẹ fún mi sí? Ṣebí èmi ni mo nilẹ̀.”

Simeon gbé ìwé náà lé itan. “Ọdẹ́tọ́lá, ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kò lójú tó fi ń ríran. Ohun tí ẹnu bá sọ fún un ló ń ṣe. Mo tún ń bi ọ́, ta ni ìwé yìí pàṣẹ fún?”

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ọkùnrin yìí sọ òótọ́. Òun, ọmọ onílẹ̀, tí gbogbo Egan ń kúnlẹ̀ kí, kò lè la ẹnu sọ fún ọkùnrin bíi tirẹ̀ pé opó tó ń rán fìlà ló na òun ní kóòtù.

“Obìnrin yẹn ni,” ló wí.

Simeon mú òwú dúdú, ó mú òwú funfun.

*

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n wá ri ìwé náà mọ́ ìdí ògiri, nígbà tí gbogbo ọkùnrin àdúgbò ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Fàúsátù ń ránṣọ lábẹ́ ibòji nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ́ ní ẹ̀yìn ògiri. Ó dá máṣíìnì dúró, ó rọra lọ fi ojú sí ihò kékeré kan láàárín búlọ́ọ̀kù méjì. Ó rí ẹsẹ̀ Ọdẹ́tọ́lá. Ó rí ọwọ́ àgbàlagbà kan tó gbé ìwé kan dání, tí wọ́n fi òwú wé títí. Òǹtẹ̀ pupa ṣì yọ díẹ̀ láàárín òwú. Ó dá òǹtẹ̀ náà mọ̀, nítorí irú rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀:

“Ìwé ló sọ̀rọ̀, èmi kọ́.
Ẹni tí ìwé yìí pàṣẹ fún ni mo dè.
Kó jí, kó má rọ́nà.
Kó rìn títí, kó má dé ẹnu ọ̀nà.
Kó máa yí ká bí ewúrẹ́ orí èèkàn,
Àfi bó bá ṣe ohun tí ìwé wí.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàúsátù rí àwọn ìjàlọ tó tò wá síbi ìdí ògiri. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọn kò kọjá, wọn kò sì padà. Wọ́n ń yí po lójú kan, wọ́n ń yí po, títí oòrùn fi mú, tí gbogbo wọn sì kú síbẹ̀ bí òrùka dúdú. Àwọn adìyẹ rẹ̀ kò jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ó gbá wọn dànù.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn, òun àti Ṣàkírát, sọ́dọ̀ Alfa Raheem tí wọ́n jọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Iná ọ̀pá epo tó bú gbàmù ní Ìjẹ̀gùn lọ́dún 2008 ti jó ìdajì ojú alfa yìí. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn kì í lọ bá a fún àdúrà kékeré mọ́, ọ̀ràn tó le nìkan ni wọ́n ń gbé lọ.

“Alfa, mi ò wá gba ìṣọ́ o,” Fàúsátù wí. “Mo fẹ́ kí ó jìyà. Kí ojú ẹ̀ rí ohun tí ojú Ṣàfíù rí.”

Alfa ní kí ó tún ọfọ̀ tó gbọ́ pè. Ó tún un pè. Alfa ní kí Ṣàkírát, tó jẹ́ tíṣà ní Egbeda, ka ìwé kóòtù tiwọn, kí ó sì máa túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí kóòtù ti pàṣẹ fún Ọdẹ́tọ́lá, alfa gbé ọwọ́ sókè.

“Dúró. Ẹni tí ìwé pàṣẹ fún ló dè, àbí?” Ìdajì ojú tí iná kò jó rẹ́rìn-ín. “Fàúsátù, ìyà tí o fẹ́, òun fúnra ẹ̀ ti rì í sínú àgbàlá ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò tíì mọ ẹni tó máa dè, torí irọ́ ni wọ́n fi rán an níṣẹ́. Àwa la máa sọ òótọ́ fún un.”

Pátákó wàláà méjì ló wà lára ògiri rẹ̀. Kò mú èyí tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan ni èyí wà fún. Èkejì ló mú, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jóná. Ó ti kálàmù bọ yíǹkì tàdáwà, ó kọ àṣẹ kóòtù sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Ọdẹ́tọ́lá, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì da omi dúdú náà sínú ìgò.

“Jímọ̀ mẹ́ta. Máa dà á sídìí ògiri ní ọ̀sán. Ọdẹ́tọ́lá á wó o fúnra ẹ̀.” Ó di ọwọ́ Fàúsátù mú, kò tíì fi í sílẹ̀. “Bí ògiri bá ti wó, hú ìwé yẹn, kí o fọ orúkọ inú ẹ̀ dànù sínú omi tó ń ṣàn. Ìwọ tó jàre nìkan ló lè hú u. Má jẹ̀ẹ́ kó kọjá ọjọ́ ìkómọ ọmọ Ṣàkírát. Bó bá pẹ́ jù nílẹ̀, kò ní mọ ẹni tó ń dè mọ́. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni Fàúsátù wí.

*

Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí Fàúsátù da omi náà sídìí ògiri, Ọdẹ́tọ́lá kọsẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ní èkejì, ó bọ́ sínú ọkọ̀, kò rántí ibi tó ń lọ. Ó fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ní Jímọ̀ kẹta, ìpàdé ẹbí ń dúró dè é ní Ìgandò. Ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó jáde sí àgbàlá. Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, ó ń rí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìta. Ó rìn lọ síbẹ̀ tààrà. Ó bá ara rẹ̀ níwájú ògiri.

Ó yí padà. Géètì rèé. Ó ń wò ó bó ṣe ń lọ, kò ṣẹ́jú, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ògiri tún ni. Sálúbàtà òkú Ṣàfíù ń mì lókè orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn.

“Bàbá Báyọ̀dé, kí lẹ ń wá?” ìyàwó rẹ̀ bi í láti ẹnu ọ̀nà.

“Géètì dà?”

Obìnrin náà rò pé ó ń ṣeré. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ. Nígbà tó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì kí wọ́n jáde, igbe tó jáde lẹ́nu Ọdẹ́tọ́lá kò jọ igbe èèyàn.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Simeon. Ó dé, kò jókòó. Ó ní kí ìyàwó sọ ohun tí kóòtù wí gan-an, obìnrin náà sì sọ ọ́, nítorí kò mọ̀ pé ọkọ òun ti purọ́. Simeon gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta,” ló wí. “Ẹnu ara ẹ lo fi de ara ẹ. Ṣe ohun tí ìwé wí, kí o sì lọ bẹ ẹni tó jàre ẹ kó bá ọ hú u. Bí èmi bá fọwọ́ kàn án, èmi náà ò ní délé.”

Ó gba géètì jáde. Ọdẹ́tọ́lá ń wo ibi tó gbà, kò sì rí i.

Síbẹ̀, kò wó ògiri. Agídí pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń yí àgbàlá po, Fàúsátù sì ń wò ó láti ojú ihò búlọ́ọ̀kù. Nígbà mìíràn á gbé àga síbẹ̀, á máa rán fìlà lọ. Ọdún méjì rèé tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ tó báyìí.

*

Òjò ọjọ́ méjì ti gbé pákó ẹ̀yìn ilé lọ nígbà tí Ṣàkírát bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Fawas ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, sáré yẹ àbàtà wò, ó padà wá, omi ti rin ín dé àyà.

“Màámi, kò ṣeé gbà.”

Fàúsátù fi ẹnu sí ojú ihò. “Bàbá Báyọ̀dé! Ọmọ mi ń rọbí!”

Ọdẹ́tọ́lá ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbé e wá ṣáá. Ó ti gbẹ, agbádá ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ṣàkírát, ẹ bá mi hú u. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

“Wó ògiri.”

“Ṣé bí mo bá wó o, ẹ máa hú u?”

“Mo ní kí o wó ògiri!” Kò rántí ọ̀wọ̀ mọ́.

Òòlù tí àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù gbàgbé ṣì wà nílẹ̀, ó ti dógùn-ún. Ọdẹ́tọ́lá gbé e. Ó na ọwọ́ sí ààlè tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so, ó já a, ìka márààrún sì dúdú lójú ẹsẹ̀ bí èyí tí wọ́n ki bọ tàdáwà. Kò dúró. Ó fọ́ búlọ́ọ̀kù kìíní, ó fọ́ ìkejì, ó ń sunkún, ó ń fọ́ ọ. Nígbà tí àlàfo náà tó ilẹ̀kùn, Fawas gbé ìyàwó rẹ̀ kọjá, wọ́n sáré gba géètì jáde sí títì. Fàúsátù tẹ̀ lé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó mú sálúbàtà Ṣàfíù nínú ẹrọ̀fọ̀, ó fi sínú ìró rẹ̀.

“Ìwé ńkọ́?” Ọdẹ́tọ́lá pariwo lẹ́yìn rẹ̀. “Ìyá Ṣàkírát, ìwé ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ kí ọmọ délé ná,” ló wí.

Ọmọ délé láyọ̀, ọkùnrin ni. Ọdẹ́tọ́lá wó ìyókù ògiri kanlẹ̀, ó kó òkúta ibẹ̀, ó gbá a. Lójoojúmọ́ ló ń kúnlẹ̀ fún Fàúsátù bó bá ti ń kọjá, Fàúsátù á sì ní, “Lọ́la.” Ọjọ́ kìíní, lọ́la. Ọjọ́ kẹrin, lọ́la. Ó mọ ibi tí ìwé wà bó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ìkómọ ku ọ̀la, Fawas kó sìmẹ́ńtì àti yanrìn wá. Ó fẹ́ da kọnkéré sí ọ̀nà náà kí ẹsẹ̀ àwọn àlejò má bàa rì nínú ẹrọ̀fọ̀. Nígbà tó dé ibi tí ìdí ògiri wà tẹ́lẹ̀, ó rí i pé ìyá ìyàwó òun dúró, ó ń wo ilẹ̀.

“Màámi, ṣé nǹkan wà níbẹ̀ ni?”

Ọdẹ́tọ́lá ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ dúdú lórí itan rẹ̀. Fàúsátù wò ó. Ó rántí àkàbà, ó rántí orí Ṣàfíù tó ń já sẹ́yìn, ó rántí ọkùnrin tó ń bú wọn láti ojú fèrèsé.

“Kò sí nǹkan kan,” ló wí. “Máa dà á lọ.”

*

Ọ̀nà náà dára, gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín. Wọ́n á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdẹ́tọ́lá tó ń yí po láàárín àgbàlá, wọ́n á ní orí ọkùnrin náà ti dàrú, ó mà ṣe o. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí Ìbàdàn. Ó pẹ́ tó ti dákẹ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Fàúsátù ń kí i láràárọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ọmọ, tí wọ́n fi orúkọ Ṣàfíù sọ, pé ọdún kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fàúsátù dúró lẹ́nu géètì, ó na ọwọ́ sí i pé kí ó máa bọ̀. Ọmọ ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dé ojú kan lórí kọnkéré, ó yà. Ó yí ibẹ̀ po. Ó tún yí ibẹ̀ po.

“Ṣàfíù, ibí. Màmá rèé.”

Ọmọ gbójú sókè, ó ń wá a. Ojú rẹ̀ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì. Ó bú sẹ́kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró.

Fàúsátù gbé e mọ́ra, ó fẹ́ gbé e gba géètì jáde. Igbe tí ọmọ ké, ìró kan náà ló ní pẹ̀lú èyí tó gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri ní Jímọ̀ kẹta yẹn. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó sáré lọ gbé òòlù.

Ọdẹ́tọ́lá dúró. Ó ti tó oṣù mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti rí i kó dúró. “Ọwọ́ ara yín náà ni kí ẹ fi wó o, Ìyá Ṣàkírát,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì tutù.

Fàúsátù fọ́ kọnkéré náà títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó fi èékánná wa erùpẹ̀. Ó rí òwú dúdú, ó rí òwú funfun, ó fi eyín já wọn, ó tú ìwé náà. Orúkọ ló ń wá, kí ó lè fọ̀ ọ́ dànù. Ó yí ojú kìíní, ó yí ojú kejì, ó gbé e sí oòrùn.

Ìwé náà funfun láú. Kò sí orúkọ Ọdẹ́tọ́lá níbẹ̀, kò sí tirẹ̀, kò sí òǹtẹ̀. Kò sí ohun tí omi fẹ́ fọ̀ níbẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, Ọdẹ́tọ́lá tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹsẹ̀ ọmọ kékeré sì ń tẹ̀ lé e.